Owó Ìdọ̀tí Èkó: Láti Ayé Wọlé-wọlé Títí Dé Ayé PSP

Láti ọdún 1908 títí dòní olónìí, bóyá la fi rí ìjọba kan ní Èkó tí òun àti ará ìlú kò jà lórí owó ìmọ́tótó. Orúkọ owó náà ló ń yí padà. Wọ́n ti pè é ní owó omi rí, wọ́n pè é ní owó ilé, wọ́n pè é ní owó kólẹ̀kódọ̀tí, nígbà tó yá ó di owó LAWMA, àjọ tó ń rí sí kíkó ìdọ̀tí ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjà ibẹ̀ kò yí padà rárá. Ìjọba á ní owó tí ẹ̀ ń san kò gbọ́ bùkátà mọ́. Ará ìlú á ní àwọn kò rí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbowó kún. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé òpópónà wa ní Ṣómólú. Èmi ni mo máa ń ka ìwé owó tuntun sí etí ìgbọ́ wọn nípàdé, èmi náà ni wọ́n sì máa ń pariwo mọ́, bíi pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìdí rèé tí mo fi tọpinpin ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn wá.

Kí òyìnbó tó dé, kò sí owó nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kíkó. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ààtàn tirẹ̀. Àwọn obìnrin ilé á jí gbálẹ̀ ní ìdájí, wọ́n á kó eérú, èèpo iṣu, háhá àgbàdo àti ewé tí wọ́n ti jẹ ẹ̀kọ inú rẹ̀ tán lọ dà sẹ́yìnkùlé. Òjò á rọ̀ sí i, á jẹrà, tẹ̀tẹ̀ á hù lórí rẹ̀, ẹni tó da ilẹ̀ síbẹ̀ á tún padà wá já ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà wo ààtàn títí, wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n ẹni tó yẹ kó ṣe olórí: wọ́n ní àgbà ni ààtàn, gbogbo ilẹ̀ ló ń gbà. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n bí bàbá mi sí, ọ̀sà ló ń bá wọn gba èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ààtàn kò lè jẹ agolo, kò lè jẹ ìgò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jẹ ọ̀rá. Erékùṣù tún ni Èkó. Ilẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, èrò sì ń ya wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí òwò ti búrẹ́kẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó bá ti di pé ẹ̀yìnkùlé tìrẹ ni iwájú ilé ẹlòmíràn, ààtàn kúrò ní ọ̀ràn agbo ilé.

Ìbẹ̀rù àrùn ló sọ ọ́ di ọ̀ràn ìjọba. William MacGregor, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, dókítà ni kó tó di gómìnà. Ibà ló dojú kọ, ó sì ń la ojú omi láti fa irà gbẹ. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe odò tí wọ́n gbẹ́ láàrin erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Ní 1902, wọ́n la ojú irin kékeré kan láti Ìddó gba orí afárá Carter wọ inú erékùṣù. Èrò ló kọ́kọ́ ń kó. Nígbà tí 1913 fi máa parí, wọn kò fi kó èrò mọ́. Títí wọ́n fi pa á tì ní 1933, ìgbẹ́ ìlú ló ń gbé lọ sí etí ọ̀sà. Ọkọ̀ tí Èkó fi ń yangàn sí àwọn ìlú tó kù, iṣẹ́ agbépóò ló fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe.

Àwọn agbépóò gan-an ni wọ́n ń ti ojúlé dé ojúlé kó o jọ. Òru ni wọ́n ń wá, wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé wọlé pẹ̀lú àtùpà àti ìgbálẹ̀, aṣọ á bò wọ́n lójú kí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn lọ́sàn-án má baà dá wọn mọ̀. Ìkìlọ̀ tí ọmọ Èkó ìgbà náà kì í gbàgbé ni pé kò gbọdọ̀ fi agbépóò ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá dán an wò, ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló máa fi dá a lóhùn.

Wọlé-wọlé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò, ló ni ọ̀sán. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, torí wọ́n dé ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Aṣọ káákì tó gbó sítáàṣì, ṣòkòtò péńpé, ìbọ̀sẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, ìwé kékeré lọ́wọ́. Ìdí àmù omi ni wọlé-wọlé máa ń gbà lọ tààrà. Á ṣí ìdérí, á fi kọ́ọ̀pù bu omi díẹ̀, á gbé e sójú oòrùn, á wá máa wò ó bóyá tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Bó bá rí ẹyọ kan péré, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Nítorí náà ni ìròyìn fi máa ń ṣáájú rẹ̀ láti ilé dé ilé: "Wọlé-wọlé ti dé o!" Ìyá mi á da àmù dojú dé, omi tí a pọn láti àná á ya gba ọ̀ọ̀dẹ̀, àwa ọmọ á tún máa gbá ibi tí a ti gbá láàárọ̀. Ẹni tí kò bá ráyè da omi tirẹ̀ nù á fi owó bẹ̀bẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni owó ìmọ́tótó pín sí: èyí tó ń wọ àpò ìjọba, àti èyí tó ń wọ àpò káákì.

Mi ò ní torí ìyẹn bú gbogbo wọn pọ̀. Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Glasgow, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá dókítà fún ìlera ìlú Èkó. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wọlé-wọlé sílẹ̀ ní Yaba. Nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn ní Èkó ní 1924, àwọn wọlé-wọlé ni wọ́n ń wọ inú iyàrá tó há àti abẹ́ àjà tí ẹlòmíràn ń sá fún. Àrùn náà ló mú kí ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928, láti máa wó àwọn ilé tó fún pọ̀ jù, kí wọ́n sì la àdúgbò tuntun. Ẹni tó bá sọ pé wọlé-wọlé kò wúlò kò gbọ́ ìtàn ọdún wọ̀nyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ni ká wá bọ́ sí. Ní 1908, ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wọ Èkó, wọ́n sì ní kí ará ìlú máa san owó omi. Ìlú yarí. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn, pé àwọn òyìnbó ló máa jẹ ìgbádùn omi ẹ̀rọ, ẹni dúdú ló máa san owó rẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún yẹn láti bá owó náà jà. Àwọn méjì tó ṣíwájú ẹgbẹ́ yìí, John Randle àti Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá, dókítà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù rò ó wò. Ta ló mọ àǹfààní omi tó mọ́ ju dókítà lọ? Ohun tí wọ́n ń bá jà ni pé kí wọ́n bu owó lé èèyàn lórí láìbi í, kí ẹni tó ń san án má sì lẹ́nu nínú bí wọ́n ṣe máa ná an.

Nígbà tó di 1916, ìjọba fi dandan gbé owó omi kalẹ̀. Ìlú tún gbaná jẹ, àwọn tó wà lẹ́yìn Ọba Èkó, Èṣùgbàyí, kọ̀ jálẹ̀. Àwọn dókítà wa ti rọlẹ̀ nígbà náà, wọ́n ní kí àwọn èèyàn san án. Ará ìlú kò dárí jì wọ́n; Herbert Macaulay ni wọ́n ń tẹ̀lé láti ìgbà náà lọ. Owó omi dúró, omi Ìjù sì ṣàn. Kò sí ọmọ-ọmọ àwọn tó jà nígbà náà tó máa sọ lónìí pé kí wọ́n má fa omi yẹn. Síbẹ̀ ìfura tó bá owó náà wọ̀lú kò bá omi lọ. Bí ọmọ Èkó bá ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fowó kún nǹkan nítorí ìlera rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, "Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Ní 1950, ará ìlú fúnra wọn dìbò yan kánsù ìlú Èkó. Dókítà mìíràn, Ìbíyínká Olorun-Nimbe, ló di mayor. Òun ni àkọ́kọ́, òun náà ni ìkẹyìn: nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Bernard Storey darí rẹ̀ yẹ ìwé kánsù náà wò ní 1953, ìwà ìbàjẹ́ tí wọ́n rí níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, wọ́n sì fagi lé ipò mayor. Láyé kánsù, owó ilé tí onílé ń san ni wọ́n fi ń gbálẹ̀ ìgboro, tí wọ́n fi ń gbé póò, tí wọ́n fi ń kó ilẹ̀. Ayálégbé kò mọ̀ pé òun ń san owó ìdọ̀tí, torí inú owó yàrá tó ń san fún onílé ló wà. Kánsẹ́lọ̀ tó bá sì ní kí wọ́n fi kún owó ilé mọ̀ pé ọjọ́ ìdìbò ń bọ̀, àti pé àwọn lándílọ́ọ̀dù ló ń pe àwọn èèyàn jọ. Ẹnu kò kò láti fi kún un, iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Gbèsè tí à ń jẹ títí dòní, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá di ayé owó epo. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ogun abẹ́lé parí ní 1970, gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ ní Nàìjíríà sì doríkọ Èkó. Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà náà á rántí òkìtì ìdọ̀tí tó gba ìdajì títì, tí mọ́tò á máa yà fún bí ẹni ń yà fún olóyè. Nígbà tí àjọ̀dún FESTAC dé ní oṣù Kìíní 1977, tí àlejò ń ti gbogbo ayé bọ̀, àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ti ń ka Èkó mọ́ àwọn olú ìlú tó dọ̀tí jù láyé. Ìtìjú náà sún ìjọba ṣiṣẹ́. Lọ́dún yẹn ni ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ tó ń rí sí kíkó ilẹ̀ sílẹ̀, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì gbé àwọn amọṣẹ́dunjú wá láti Kánádà láti bá wọn darí rẹ̀. Wọ́n yí orúkọ àjọ náà padà ní 1981, wọ́n tún yí i padà ní oṣù Kejìlá 1991, ó di LAWMA. Ní 1992, wọ́n ṣí ibi ìdàlẹ̀sí Olúsosùn, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó héktà 42, ní ibi tó jẹ́ ẹ̀yìn ìlú nígbà náà. Lónìí, ìlú ti rọ̀gbà yí i ká.

Láàrin ìyẹn, sójà tún gbé tiwọn dé. Ìjọba Buhari àti Idiagbon ní kí gbogbo ilé máa tún àyíká ṣe. Ní Èkó, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn nígboro. Iṣẹ́ ara la fi san owó ìdọ̀tí nígbà yẹn. Òpópónà wa máa ń jáde tọmọtìyá, a ó kó ẹrẹ̀ dúdú inú gọ́tà jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì, a ó tò ó jọ sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ọkọ̀ ìjọba lè wá kó o. A ó retí, a ò ní rí ọkọ̀. Òjò kan á wá rọ̀, gbogbo ẹrẹ̀ náà á padà sínú gọ́tà tí a ti kó o jáde. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fagi lé òfin má-rìn náà ní oṣù Kọkànlá 2016, lẹ́yìn ẹjọ́ oríṣiríṣi, kò sẹ́ni tó sunkún ní òpópónà wa.

PSP, ìyẹn àwọn aládàáni tí ìjọba gbé iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí fún, ló wá sọ owó ìdọ̀tí di ohun tí olúkúlùkù ń fojú rí. Ìjọba pín ìlú sí àdúgbò-àdúgbò, wọ́n fi alágbàṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: òun ló máa ra ọkọ̀, òun ló máa kó ilẹ̀, òun ló máa pín ìwé owó, á sì san owó fún LAWMA níbi ìdàlẹ̀sí. Owó tó ti fara pamọ́ sínú owó ilé láti ayé kánsù bọ́ sí gbangba. Oníyàrá kan ní iye tirẹ̀, onífúláàtì ní tirẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù ní tirẹ̀. Ayálégbé tí kò mọ̀ rí pé òun ń san nǹkan kan wá ń di ìwé mú.

Mo ti rí apá méjèèjì ọ̀rọ̀ náà. Nípàdé wa, màmá kan tó ń ta ẹ̀kọ dìde, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọkọ̀ yìí dé ní gbogbo oṣù tó kọjá, ìdin ti ń rìn níwájú ilé wa. Ẹ ní ká fowó kún un. Orí kí la fẹ́ fi kún un?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọkọ̀ náà wá dé, mo bá awakọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ara rẹ̀ tó gbóná. Ó ní, "Bàbá, nígbà òjò, àá tò ní Olúsosùn di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ á gbé ọkọ̀ mì dé táyà, katapílà á wá fà wá jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè já ilẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí n já a lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Epo dísù kò sì mọ̀ pé mi ò rìn." Òótọ́ ni tirẹ̀, òótọ́ sì ni ti màmá ẹlẹ́kọ. Owó tí ó yẹ kó ra ìrìn mẹ́ta, ìrìn kan ló ń rà, torí ojú ọ̀nà ibi ìdàlẹ̀sí bàjẹ́. Bí a bá sọ owó náà di ìlọ́po méjì láìtún ojú ọ̀nà yẹn ṣe, a kàn ń san owó kí ọkọ̀ máa tò ni.

Ẹ tún wo ọlọ́mọlanke. Ìjọba ti fòfin dè é léraléra, síbẹ̀ kò sí àárọ̀ tí kì í dé òpópónà wa. Ó ń lu irin kan gbangan-gbangan, àwọn ìyá á gbé àpò ìdọ̀tí jáde, wọ́n á san owó fún un lójú ẹsẹ̀, láìjiyàn. Bí a bá ṣírò ohun tí ilé míràn ń fún un lóṣù, ó ju owó PSP lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé ará Èkó kò fẹ́ sanwó ìdọ̀tí, kó wá dúró ní òpópónà wa láàárọ̀. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún ni pé ó dé, ó sì kó o lọ lójú wọn. Àléébù ibẹ̀ ni pé etí kánààlì ló ń lọ dà á sí, omi á sì gbé e padà wá bá wa.

Ìjọba gómìnà Ambode rò pé òun lè fi àtúnṣe kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gba iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí ilé lọ́wọ́ àwọn PSP, wọ́n gbé e fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan, wọ́n ní ọ̀nà owó sísan tuntun ń bọ̀. Ọkọ̀ ti àtijọ́ kúrò nílẹ̀ kí ti tuntun tó pé. Gbogbo ẹni tó wà ní Èkó láàrin 2017 sí 2018 ló rí bí òkìtì ìdọ̀tí ṣe padà sójú títì. Ní oṣù Kẹta 2018, iná sọ ní Olúsosùn, èéfín rẹ̀ bo ilé àti ilé-ìwé fún ọjọ́ púpọ̀. Lóṣù kan náà, ìlú dìde sí òfin tuntun tí ìjọba fi gbé owó ilẹ̀ àti ilé ga sókè, àwọn lọ́yà jáde sí ìgboro, ìjọba sì dín in kù. Nígbà tí ìjọba Sanwo-Olu dé ní 2019, wọ́n dá àwọn PSP padà sí ẹnu iṣẹ́. A jó àjórẹ̀yìn, a padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ọdún mélòó kan sì ti ṣòfò.

Láti oṣù Kàrún-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó gbogbo nǹkan tó ń yí táyà ti fò sókè. LAWMA sọ pé ìdọ̀tí Èkó ń lọ sí tọ́ọ̀nù 13,000 lójúmọ́. Kò sí bí a ṣe máa máa fi owó àná kó ìdọ̀tí òní. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí, ó yẹ kí owó ìdọ̀tí lọ sókè. Ohun tí ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fi hàn mí ni pé ọkọ̀ ló yẹ kó ṣáájú owó. Ní 1916, wọ́n fi dandan gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò lẹ́nu níbẹ̀. Láyé kánsù, wọ́n fi owó pamọ́ sínú owó ilé, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Láyé sójà, wọ́n gba iṣẹ́ ara wa, wọn kò gbé ọkọ̀ wá. Ní 2017, wọ́n kó ọkọ̀ lọ kí wọ́n tó mú òmíràn wá. Ọ̀nà tí a kò tíì gbà rí ni kí iṣẹ́ kọ́kọ́ hàn, kí owó tẹ̀ lé e.

Ó ní ohun tí ìjọba lè ṣe kí wọ́n tó fowó kún un. Kí wọ́n tún ojú ọ̀nà ibi ìdàlẹ̀sí ṣe kí òjò tó dé. Kí wọ́n lẹ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wá mọ́ ẹnu ọ̀nà àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí owó sì dín kù fún oṣù tí ọkọ̀ kò bá wá. Kí wọ́n gba ọlọ́mọlanke wọlé, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà àti ibi tó máa kó ilẹ̀ rẹ̀ sí, torí ó mọ inú kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀.

Àwa náà kò mọ́. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa: ọkọ̀ kò dé lọ́sẹ̀ kan, a sọ ọ́ di ìdí tí a fi ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà bí òjò bá ti ṣú. Ẹ̀yin onílé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má fi owó ìdọ̀tí ayálégbé pamọ́ sápò. Ẹ san án, ẹ gba rìsíìtì, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ ò rí ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ kọ̀wé sí LAWMA, ká fi rìsíìtì yẹn ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí kò sanwó kò lẹ́nu láti bèèrè ọkọ̀.